Ọyẹ́ ní Kumasi: Bí ìdílé ṣe lè móoru láì jẹ́ kí owó iná ga sí i

Bí wọ́n bá ní òtútù ń mú kí owó iná ga, ìlú Ọba ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ mú ilé móoru.

Àmọ́ ní àdúgbò Santasi, ní ìlú Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, ọyẹ́ náà ń gba owó lápò èèyàn. Àwọn Asante ń pè é ní ɔpɛ. Láti nǹkan bí oṣù Kejìlá, atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sahara máa ń gbé eruku wá, òwúrọ̀ á tutù nini kí oòrùn tó mú lọ́sàn-án.

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kọ́ ni owó ń bá lọ níbẹ̀. Omi ìwẹ̀ ni.

Garawa omi kan lójúmọ́

Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi kẹ́tùlù oníná tàbí irin tí wọ́n ń kì bọ inú garawa, ìyẹn boiling ring, se omi ní ìdájí. Bí agbára irin náà bá jẹ́ 2,000 watt, tó sì wà nínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yúnìtì kan ló jẹ yẹn. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó di 30 níparí oṣù.

Iye yìí ṣe pàtàkì. Ní Ghana, ilé tí kò bá lò ju yúnìtì 30 lọ lóṣù ni wọ́n ń gba owó iná tó kéré jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ìwẹ̀ nìkan lè gba gbogbo ààyè yẹn, kí wọ́n tó tan gílóòbù kan ṣoṣo.

Owó náà kò sì dúró sójú kan. PURC, àjọ tó ń pinnu iye owó iná àti omi, fi ìdá 29.96 nínú ọgọ́rùn-ún kún un ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún fi ìdá 14.75 kún un.

Mítà kan, ìdílé mẹ́fà

Ọ̀rọ̀ náà tún le fún àwọn ayálégbé tó ń gbé nínú ilé tí yàrá yí àgbàlá ká, irú èyí tó pọ̀ ní Kumasi. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ń lo mítà kan ṣoṣo.

Bí ìdílé mẹ́fà bá lo yúnìtì 25 lọ́kọ̀ọ̀kan, 150 ni mítà máa kà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó na ìnákúnàá, síbẹ̀ ẹ̀dínwó àwọn tí kò lo iná púpọ̀ ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: ta ló ń se omi, ta ló ní fíríìjì?

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ìdílé gba mítà tirẹ̀ lọ́dọ̀ ECG, iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní Kumasi, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda onílé. Bí kò bá ṣeé ṣe, mítà kékeré lẹ́nu yàrá kọ̀ọ̀kan kò ní dá ẹ̀dínwó padà, àmọ́ á jẹ́ kí kálukú san iye tó lò.

Ohun tí ẹ lè ṣe

• Ẹ bu omi sínú garawa dúdú, ẹ dé e, kí ẹ gbé e sóòrùn lọ́sàn-án. Á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dìrọ̀lẹ́.

• Ẹ má se garawa kíkún. Ẹ se díẹ̀ kó gbóná dáadáa, kí ẹ fi omi tútù là á.

• Ẹ kọ́kọ́ yọ boiling ring kúrò nínú iná kí ẹ tó fọwọ́ kan omi. Ó lè gbé èèyàn.

• Ẹ ṣí fèrèsé lọ́sàn-án kí ooru wọlé, kí ẹ tì í kí oòrùn tó wọ̀. Kọ́tìnnì tó nípọn ń dá atẹ́gùn dúró.

• Ẹ yọ fíríìjì kúrò nínú iná, kí ẹ nu eruku ọyẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Eruku náà ń mú kó máa jẹ iná sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ wo ìràwọ̀ tó wà lára rẹ̀: bí wọ́n ṣe pọ̀ tó ni iná tó ń jẹ ṣe kéré tó. Láti ọdún 2013 ni Ghana ti fòfin de kíkó àlòkù fíríìjì wọlé.

Ẹ má gbé àdògán wọ yàrá

Ọgbọ́n kan wà tó léwu púpọ̀: gbígbé àdògán èédú, tí wọ́n ń pè ní coalpot ní Ghana, wọ yàrá láti yáná kí wọ́n tó sùn.

Èédú tó ń jó máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide jáde. Kò ní òórùn, ojú kò sì lè rí i. Bí fèrèsé bá wà ní títì, ó lè pa àwọn tó ń sùn kí wọ́n tó mọ̀. Kódà èédú tó ti ń kú lọ ṣì ń tú u jáde.

Bí orí bá ń fọ́ èèyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí èébì ń gbé e níbi tí èédú wà, kí gbogbo ará ilé jáde síta kíákíá, kí wọ́n sì lọ sílé ìwòsàn.

Ìbọ̀sẹ̀, aṣọ òtútù àti ìbora ló dára jù lóru. Wọn kì í jẹ yúnìtì, wọn kì í sì í pa èèyàn.