Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ẹrù ní Òkè-Ògùn: Ìgbà Wo Ni Ká Tún Un Ṣe, Ìgbà Wo Ni Ká Pààrọ̀ Rẹ̀?

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Òkè-Ògùn, tí ewé igi òrí gbẹ, tí eruku pupa sì gba gbogbo ojú ọ̀nà láti Ìjìó lọ sí Ìgànná débi pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí igi ló wà níwájú òun, nígbà náà gan-an ni iṣu, gbágùúdá àti àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà ti fi òógùn ojú kó jọ ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn gba Òkèhò dé Ìsẹ́yìn ọmọ Ẹbẹdí, kí wọ́n tó tọ ọ̀nà Mọ́níyà wọ Ìbàdàn. Nígbà náà náà sì ni ẹ́ńjìnnì máa ń dá olọ́kọ̀ dúró sí àárín igbó. Wọn a wọ́ ọkọ̀ náà wá sí abẹ́ igi mángòrò tí mẹkáníìkì fi ṣe ilé iṣẹ́, olọ́kọ̀ a sì da ìbéèrè tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọ̀nà bọ̀ jáde: “Ọ̀gá, ṣé ká tú u ni, àbí kí n kúkú lọ ra òmíràn?”

Mẹkáníìkì tó gbọ́n a dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa á.” Lójú tèmi, inú gbólóhùn kúkúrú yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Àwọn ará Jámánì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan náà, pàápàá àwọn tó ní irú ọkọ̀ ńlá tí a kọ́ yàrá, ibùsùn àti ibi ìdáná sí lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tiwọn kò lè jẹ́ tiwa. Lọ́dọ̀ wọn, owó tí mẹkáníìkì ń gbà fún wákàtí kan ṣoṣo ń ga ni lára, nítorí náà ó sábà máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gbé odidi ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀ ju kí ènìyàn jókòó ti ògbólógbòó fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ ló pọ̀, irin ló wọ́n.

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù lọ ní ilẹ̀ wa ni Mercedes 911, àlejò tó ti di ọmọ onílé, abẹ̀yìn-pákó tí a ya àwòrán àti òwe sí lára, arẹrù-má-ráhùn tí kì í kọ ọ̀nà oko. Orúkọ rẹ̀ ní ìtumọ̀: 9 dúró fún tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án tí òun àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n pọ̀, 11 sì dúró fún agbára tó tó nǹkan bí ti ẹṣin 110. Ẹ́ńjìnnì tó gbé e ga ni èyí tí àwọn Jámánì ń pè ní OM 352, tó jáde ní 1964, tó ní sílíńdà mẹ́fà, tí gbogbo wọn pọ̀ gba lítà 5.7. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, irin àti epo nìkan ni. Ìdí nìyí tí ọmọ Ìjìó tó kọ́ṣẹ́ ní Ṣakí fi lè tú u palẹ̀ sórí ẹní, kí ó sì tún un tò láì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ará Jámánì.

Kí a tó lè mọ ohun tó ń pa irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tó mú un wà láàyè. Rudolf Diesel, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe epo tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní gáàsì, rí i pé bí a bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gírígírí, afẹ́fẹ́ náà á gbóná. Ẹ̀rọ rẹ̀ sì ṣiṣẹ́ ní ìlú Augsburg ní 1897. Nínú ẹ́ńjìnnì 911, afẹ́fẹ́ tó kún sílíńdà ni písítìn yóò tì títí yóò fi wọ inú àyè tí kò ju ìdá kan nínú 17 àyè rẹ̀ àtijọ́ lọ, ooru rẹ̀ yóò sì ju ìwọ̀n 500 ti Celsius lọ. Bí nọ́sù, ẹnu ihò kékeré tí epo ń gbà wọ sílíńdà, bá ti wọ́n epo sí i báyìí, iná á sọ fúnra rẹ̀ láìsí pílọ́ọ̀gì kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì tó yí písítìn ká tàbí gba abẹ́ fáàfù, ooru ò ní í pé, ọkọ̀ ò sì ní í fẹ́ jí láàárọ̀, àfi tí wọ́n bá tì í.

Kí ló wá ń jẹ́ kí ó jò? Ogbó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ní àgbègbè wa, eruku ló burú jù. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá ń yí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí 5,000 lítà afẹ́fẹ́ ló ń fà símú ní ìṣẹ́jú yẹn, èyí tó tó kún dúrọ́ọ̀mù 25. Ẹ wo iye eruku ọyẹ́ tó máa wà nínú dúrọ́ọ̀mù 25 lójú ọ̀nà Ìgànná! Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ̀. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rọ́bà tó so fílítà mọ́ ẹ́ńjìnnì ti lanu, ọ́ìlì tó yẹ kó wà ní ìdí fílítà láti gba eruku ti di ẹrẹ̀, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà òjò. Eruku náà a bá ọ́ìlì pò mọ́ ara sílíńdà, a sì máa ha irin bí ẹni ń fi yanrìn fọ ìkòkò. Olọ́kọ̀ tó bá gbé ẹ́ńjìnnì tuntun sórí fílítà bẹ́ẹ̀ yóò sin ìkejì tẹ̀lé ìkíní, ohun tó sì máa ń dùn mí nìyí, torí owó iṣu ọdún kan ló ń wọlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èéfín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń wò, kò sì burú bí wọn kò bá dúró síbẹ̀. Èéfín dúdú sábà ń sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, ìyẹn ni pé fílítà ti dí tàbí nọ́sù kò wọ́n epo dáadáa mọ́, ìdí kékeré tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì aláìṣẹ̀ sì ti tìtorí rẹ̀ di títa fún àwọn onírin àlòkù. Èéfín tó rí bíi aró tó ti ṣá ni ti ọ́ìlì tó ń jó. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná lè jẹ́ omi tó gba abẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí: bí èémí bá ń tú jáde níbẹ̀ fùù-fùù, ríìngì ti ń jò. Kí mẹkáníìkì wá de òṣùwọ̀n tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó mọ́ sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí a mọ̀ bóyá ọ̀kan ló ń ṣàìsàn tàbí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nígbà tí wọ́n bá tú orí ẹ́ńjìnnì kúrò, ẹ bá mi fi èékánná fa ara sílíńdà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ní òkè pátápátá, níbi tí ríìngì kì í dé, irin àkọ́kọ́ ṣì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é; bí èékánná bá kọ́ etí kan níbẹ̀ tó sì dúró gbagidi, ohun tí eruku ti jẹ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ yẹn. Èyí kì í ṣe ikú. A lè gbẹ́ sílíńdà náà fẹ̀, tàbí kí a fi sílíífù tuntun bọ̀ ọ́ nínú. Kiránkì, ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí, náà ṣeé fá, ìdá kan nínú mẹ́rin mílímítà ní ẹ̀ẹ̀kan, kí a sì fi mẹ́tà tó nípọn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ gbé e. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fá mílímítà kan tán lára rẹ̀, àfi kí a wá kiránkì mìíràn. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú: búlọ́ọ̀kù tó sán láàárín nítorí pé omi redietọ̀ gbẹ, tàbí èyí tí ọ̀pá písítìn já tó sì lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, kí a má fi owó ṣòfò lé e lórí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ ti wọlé. Àwọn tó ń tà á ní Ládípọ̀ l'Ékòó máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, òótọ́ sì wà níbẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n owó òkèèrè ni wọ́n fi ń ra irin wọ̀nyẹn, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí náírà 460 kí ìjọba tó jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 sì ti lé ní 1,400 ní oṣù kejì 2024. Ẹ́ńjìnnì tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó tutù, ògbólógbòó ẹlòmíràn ni a fi owó ńlá rà. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ní kí wọ́n jí i níṣojú yín láìkọ́kọ́ mú un gbóná, kí ẹ sì ṣí ìdérí ọ́ìlì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe fún tiyín.

Fún 911 tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ṣì dára, ìdájọ́ tèmi ni pé kí a tún un ṣe, kí a sì fi fílítà àti rọ́bà rẹ̀ ṣe ohun àkọ́kọ́ tí a ó rà. Fún àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí nọ́sù wọn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: bí kò bá sí ẹni tó lè ka àìsàn wọn nítòsí, odidi tó dára lè sàn ju ìtúpalẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì pààrọ̀, kí ó gba rìsíìtì ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n kọ nọ́ńbà tuntun sínú ìwé ọkọ̀, nítorí ọ̀nà bodè ni ọ̀nà Ìjìó, nọ́ńbà ara irin àti nọ́ńbà inú ìwé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.