Eré Ilé Èrò Ẹṣin Funfun

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn a máa rò pé eré apanilẹ́rìn-ín kò ní ohun kan nínú ju ẹ̀rín lọ. Ṣùgbọ́n eré olórin kan wà ní èdè Jámánì tí ó fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Im weißen Rößl ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe “Ní Ilé Èrò Ẹṣin Funfun.”

Ilé èrò náà kì í ṣe àròsọ. Etí adágún Wolfgangsee ni ó wà, ní ìlú St. Wolfgang, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ Ọ́sítríà, ó sì ń gba àlejò títí di òní. Oskar Blumenthal àti Gustav Kadelburg ni ó kọ́kọ́ fi í ṣe eré, ní ọdún 1897. Ní oṣù November ọdún 1930, Erik Charell sọ ọ́ di eré olórin ní Berlin, nínú ilé ìṣeré ńlá kan tí ó gba ju 3,000 ènìyàn lọ. Ralph Benatzky ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn orin rẹ̀. Robert Stolz àti àwọn mìíràn fi tiwọn kún un. Robert Gilbert ni ó sì kọ ọ̀rọ̀ orin.

Báyìí ni ìtàn náà lọ. Opó kan, Josepha, ni ó ni ilé èrò. Leopold, olórí àwọn tí ń gbé oúnjẹ fún àlejò, fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ojú Josepha wà lára Siedler, lọ́yà kan láti Berlin. Siedler ní tirẹ̀ kò wo Josepha. Ottilie, ọmọbìnrin Giesecke, ni ó ń wò. Giesecke yìí, oníṣòwò aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, a máa kùn sí ohunkóhun tí kò bá jọ ti Berlin. Lọ́yà náà gan-an ni ó sì ń gba ẹjọ́ rò fún ẹni tí ń bá a du òwò! Owú mú Leopold títí ó fi pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Níkẹyìn, Ọba ńlá Franz Joseph fúnra rẹ̀ wá wọ̀ sí ilé èrò náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ọba gba Josepha nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe lépa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Àwa náà mọ̀ pé ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Josepha ronú, ó sì kọ ìwé fún Leopold pé a yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ agbóúnjẹ, ṣùgbọ́n a gbà á sí iṣẹ́ ọkọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Eré yìí kò bú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ Hitler gba ìjọba ní 1933, wọ́n fi òfin dè é ní Jámánì. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe é jẹ́ Júù. Charell àti Gilbert di èrò ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní àkókò náà, àwọn ará òkèèrè ti gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀: láti 1931 ni wọ́n ti ṣe é ní ìgbà 651 ní ilé ìṣeré Coliseum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì dé New York ní 1936.

Lẹ́yìn ogun, eré náà padà sí ilé. Wọ́n ṣe é ní fíìmù ní 1952 àti 1960. Àwọn ìwé orin ti ìṣáájú ti sọnù, ṣùgbọ́n a rí ẹ̀dà wọn ní Zagreb, wọ́n sì tún fi wọ́n ṣe eré náà ní Dresden ní 2009.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i. Nínú eré náà, ará Berlin àti ará òkè, olówó àti ìránṣẹ́, gbogbo wọn ni ó rí àyè ní ilé èrò Josepha. Ìlú tí a ti kọ́kọ́ kọ orin rẹ̀ ni kò ní àyè fún àwọn tí ó ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí àwa tí yóò di olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú tín-ín-rín ẹ̀rín wọn. Ẹ̀rín tí kò ta ẹnikẹ́ni nù kì í ṣe ohun kékeré.