Kòrónà lé akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kúrò nídìí ibùsùn aláìsàn

Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí iṣẹ́ káfíńtà ní Beyerúnkà mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá lèèyàn ti ń mọṣẹ́. Bí ọ̀gá bá ti ṣọ́ọ̀bù pa fún oṣù mélòó kan, ọmọ iṣẹ́ kò lè jókòó sílé kó mọ aṣọ gé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó nílùú Ìbàdàn lọ́dún 2020.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Inú kíláàsì ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá yá, wọ́n á kó lọ sí UCH, wọ́n á máa tẹ̀lé àwọn ọ̀gá dókítà láti ibùsùn kan dé èkejì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tẹ ikùn, àti bí wọ́n ṣe ń bi ìyá arúgbó léèrè ohun tójú ń tì í láti sọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì ọdún 2020, ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà. Lóṣù kẹta, ìjọba ní kí wọ́n ti ilé ìwé pa. Kí oṣù náà tó parí, ọ̀gá àgbà UCH nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jesse Ọtẹgbayọ, àti Gómìnà Ṣèyí Mákindé, ti kéde pé àwọn lùgbàdì àrùn náà. Ìyanṣẹ́lódì ASUU tún gorí rẹ̀, kò parí títí di oṣù kejìlá.

Ohùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní ó yẹ káwọn dúró ṣèrànwọ́, nítorí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà kì í sá fún àrùn. Wọ́n tọ́ka sí Ítálì, níbi tí wọ́n ti fagi lé ìdánwò ìkẹyìn kí bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dókítà tuntun lè tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn mìíràn bi í pé, nígbà tí ìbòmú kò tó dókítà àti nọ́ọ̀sì, kí lakẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lò? Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ti agbo ilé ní Ọjà'ba wá, níbi tí ìdílé mélòó kan ti ń pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, mọ̀ pé bóun bá gbé àrùn wọlé, ìyá àgbà ni yóò kọ́kọ́ kàn.

Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n owó dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Yàtọ̀ sí èyí, fóònù kò lè kọ́ ọwọ́ bí ikùn tó le ṣe ń rí.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ti di dókítà báyìí. Àwa náà la máa tẹ́ síwájú wọn. Nítorí náà, ó yẹ kí ìjọba tọ́jú ìbòmú, ìbọ̀wọ́ àti ibùgbé fún akẹ́kọ̀ọ́ kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó dé, kí wọ́n má baà lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin àgbà náà, bẹ́ ẹ bá dé orí ibùsùn, táwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun sì yí yín ká, ẹ má lé wọn. Ara yín ni ìwé tí wọ́n ń kà.