Àpò òróòro: Nígbà tí ojú pípọ́n àti inú rírun kì í ṣe ibà ẹ̀fọn ní Ouagadougou

Bí ọmọ bá ní ibà ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó sì ń ké pé inú ń run òun, ibà ẹ̀fọn ni ọ̀pọ̀ òbí máa kọ́kọ́ rò. Wọn kò jẹ̀bi, ẹ̀fọn kò wọ́n níbẹ̀ lásìkò òjò. Àmọ́ nígbà míì, àpò òróòro ló ń dàmú ọmọ náà.

Ẹni tó bá ti la inú adìẹ rí mọ àpò yìí dáadáa: tó bá bẹ́ sára ẹran, kíkorò ló kù. Abẹ́ ẹ̀dọ̀, lápá ọ̀tún, ni ti èèyàn wà. Ó ń tọ́jú omi kíkorò tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, á sì tú u sínú ìfun tí èèyàn bá jẹ ọ̀rá.

Ìwé àwọn oníṣègùn sábà máa ń júwe ẹni tí àpò yìí ń yọ lẹ́nu bí obìnrin tó sanra, tó ti lé lógójì ọdún, tí òkúta sì wà nínú àpò rẹ̀. Irú wọn wà ní Ouagadougou. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àpèjúwe yìí kò bá mu rárá.

Òkúta dúdú lára ọmọdé

Àwọn ọmọ tó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde wà lára wọn. Burkina Faso wà lára ibi tí ẹ̀jẹ̀ oní-C ti wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń rí SC níbẹ̀ yàtọ̀ sí SS. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yìí tètè máa ń bàjẹ́, pàápàá ti SS. Àwọ̀ tó ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ ló ń dì sínú àpò òróòro, tó ń di òkúta dúdú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ọmọ náà ti máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀, ìrora kì í sì í ṣe tuntun sí i. Ohun tó yẹ kó kó ìfura báni ni kí ojú pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ìtọ̀ dúdú bíi Coca-Cola, kí ìgbẹ́ sì funfun bí ẹfun. Ó ṣeé ṣe kí òkúta ti dí ọ̀nà.

Láti ọdún 2016 ni ìjọba Burkina Faso ti ń tọ́jú aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ orí yẹn sì ni òkúta yìí sábà máa ń yọjú.

Skáànù ní kò sí òkúta, síbẹ̀ inú ń run

Kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tó ń bá omi àti oúnjẹ ìdọ̀tí wọlé, lè sá pamọ́ sínú òróòro. Ó lè mú kí àpò náà wú, kó kẹ̀, kó tilẹ̀ bẹ́, láìsí òkúta kankan. Nítorí náà, dókítà tó ń ka skáànù gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ara àpò náà ti nípọn, tàbí omi ti yí i ká. Á tún fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà ọ̀tún, á ní kí aláìsàn mí sínú: bí ìrora bá gé èémí náà, àpò òróòro ló yẹ kí wọ́n fura sí.

Nílùú New York, lọ́dún 1907, wọ́n mú Mary Mallon, alásè tó ń kó ibà jẹ̀funjẹ̀fun ran àwọn tó ń dáná fún, bẹ́ẹ̀ ara òun fúnra rẹ̀ le. Àwọn dókítà fẹ́ yọ àpò òróòro rẹ̀, ó kọ̀. Ibi tí wọ́n sé e mọ́ ló kú sí lọ́dún 1938.

Yíyọ ọ́ kúrò

Carl Langenbuch ló kọ́kọ́ yọ àpò òróòro, ní Berlin lọ́dún 1882. Lọ́dún 1985, Erich Mühe, tóun náà jẹ́ ará Jámánì, gba inú ihò kéékèèké yọ ọ́, láìla gbogbo ikùn. Bí àpò bá ti bẹ́, wọ́n sábà máa ń la ikùn, kí wọ́n lè fọ inú rẹ̀ mọ́. Ní Ouagadougou, ilé ìwòsàn ńlá bíi Yalgado Ouédraogo àti Tengandogo ni wọ́n ń gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ fọ̀níkú-fọ̀ladìde ní ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀: omi tó pọ̀ tó, atẹ́gùn, ẹ̀jẹ̀ nígbà míì, òtútù kò sì gbọdọ̀ mú un. Ó sàn kí wọ́n ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ju kó jẹ́ òru tí àpò ti bẹ́.

Lẹ́yìn náà, òróòro á máa ti ẹ̀dọ̀ ṣàn tààrà sínú ìfun. Ọ̀rá lè máa ṣí aláìsàn nínú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń padà sídìí tô, òkèlè ọkà bàbà tàbí àgbàdo tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀.