Ẹni tó ń ya àwòrán nílé: ibo ló yẹ kí ọ̀dà, turpentine àti àkísà máa gbé?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ya àwòrán nínú yàrá kejì ilé tó háyà ni a lọ bẹ̀ wò lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Oòrùn mú, òùngbẹ sì ń gbẹ wá. Ó ní kí a jókòó, ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó mú ike omi kan, ó tún dá a padà, ó wá mú èkejì. A bi í pé kí ló dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Àáfà, turpentine ló wà nínú ìyẹn."

Ike méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ohun tó wà nínú wọn mọ́ kedere bákan náà, ìdérí wọn sì jẹ́ aláwọ̀ búlúù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ń ṣeré lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ohun tí a rí lọ́jọ́ náà ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn tó ń ya àwòrán nílé ń pọ̀ sí i láàárín wa. Àwọn kan ń ya ojú ènìyàn, àwọn kan ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà Lárúbáwá sórí kánfáàsì fún àwọn tó fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí wọ́n ń sùn náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń to irinṣẹ́ wọn, wọn á ní àwọn a máa kó pupa sọ́dọ̀ pupa, ńlá sọ́dọ̀ ńlá. Ìyẹn dára lójú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: kí ló lè ba nǹkan yìí jẹ́, ta sì ni òun náà lè pa lára? Pépà, omi ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀dà acrylic, afẹ́fẹ́ ni. Turpentine ní tirẹ̀, iná ni, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀tá ọmọdé. Ẹni tó bá ti mọ èyí kò ní pẹ́ mọ ibi tí kálukú wọn yẹ kó wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó léwu jù. Inú oje igi páìnì ni wọ́n ti ń rí turpentine, òun sì ni àwọn tó ń lo ọ̀dà olóròóró fi ń po ọ̀dà, tí wọ́n tún fi ń fọ bùrọ́ṣì. Nígbà tí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ohun tó ń fẹ́ jáde lára rẹ̀, tí a kò fojú rí, ti tó láti gbiná bí iná bá kàn án. Ẹni tó bá ń gbé abẹ́ páànù tí kò ní síìlì mọ̀ pé yàrá máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kejì àti ìkẹta ọdún. Thinner tún yára gbiná jù ú lọ. Nítorí náà, àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ bá sítóòfù, gáàsì, àbẹ́là tàbí kọ́ìlì ẹ̀fọn gbé inú yàrá kan náà. Ibi tí wọ́n bá sì ti ń lò wọ́n, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí.

Ẹ má ṣe bù wọ́n sínú ike omi tàbí ìgò mínírà láéláé. Inú agolo tí wọ́n bá wá láti ọjà ni kí wọ́n wà. Bí agolo náà bá ti jò, kí ẹ wá ìgò tí ìdérí rẹ̀ le, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu turpentine tàbí kẹrosíìnì, ẹ má ṣe tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kí ó bì. Ẹ má sì fún un ní epo pupa. A mọ̀ pé epo ni àwọn ìyá wa máa ń sáré bù, ìfẹ́ ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n epo lè mú ọmọ bì. Tí ó bá sì ti ń bì, nǹkan náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ gan-an ló ti ń pani. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.

Àkísà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí nǹkan. Òróró linseed, tí wọ́n ń fún láti inú irúgbìn flax, ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà olóròóró. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ lára aṣọ. Ńṣe ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra títí yóò fi le, bí ó sì ṣe ń fà á ló ń mú ooru jáde. Bí àkísà náà bá wà ní títẹ́, ooru yẹn á bá atẹ́gùn lọ. Bí wọ́n bá fún un pọ̀ rúgúdú sínú ọ̀rá dúdú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ooru kò ní ríbi gbà jáde, á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná.

Ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ Sátidé, 23 oṣù kejì ọdún 1991, irú àkísà olóròóró linseed báyìí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sílẹ̀ sórí àjà kejìlélógún ilé kan tí wọ́n ń pè ní One Meridian Plaza ló dá iná sílẹ̀. Ilé alájà 38 ni. Iná náà jó fún nǹkan bí wákàtí 19, ó sì pa panápaná mẹ́ta. Ìgbà tó dé àjà ọgbọ̀n, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi wà, ló tó dúró. Kò sí ẹ̀rọ afọ́nmi nínú yàrá kan tàbí méjì tí a ń háyà. Torí náà, ẹ sá àkísà lọ́kọ̀ọ̀kan sórí okùn níta, tàbí kí ẹ rì í sínú agolo onírin tí omi wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì dé e, títí di ọjọ́ tí ẹ ó fi dà á nù.

Ibo wá ni àwọn nǹkan wọ̀nyí máa gbé? Àbá tiwa ni pọ̀tìmáǹtò onírin tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń gbé lọ sí bọ́dìn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ọ̀kan tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́. Ilẹ̀ ni kí ó wà, kì í ṣe orí kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ohun tó bá jò láti òkè, orí àwọn yòókù ló ń dà sí. Kí ó jìnnà sí oòrùn fèrèsé, kí ó sì ní àgádágodo.

Àwọn ọ̀dà kan wà tí wọ́n ní òjé tàbí cadmium nínú. Ara agolo ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, ẹ máa kà á. Ní ọdún 2010, òjé pa ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, nígbà tí eruku òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ wọ inú ilé. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni. Ẹni tó bá ń lo ọ̀dà ẹlẹ́búbú kò gbọ́dọ̀ fi ìgbálẹ̀ gbá a. Kí ó fi àkísà tútù nù ún, kí ó má sì jẹun níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà inú túùbù kò le tó bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 1841 tó dé, inú àpò ìtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni àwọn ayàwòrán Yúróòpù ń di ọ̀dà olóròóró sí (ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yímú), wọn á gún un ní ihò, wọn á sì fún un jáde. Kì í ṣeé dí padà dáadáa, ọ̀dà a sì máa gbẹ. John Goffe Rand, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, ló ṣe túùbù onírin lọ́dún náà. Ìdérí rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù: tí ọ̀dà bá gbẹ sí ọrùn túùbù, kò ní ṣeé dé mọ́. Ẹ nu ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Acrylic inú ike ńlá, ẹ tẹ́ ọ̀rá lé ojú ọ̀dà náà gan-an kí ẹ tó fi ìdérí bò ó. Bí a sì ti dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀, irun rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn bùrọ́ṣì tó le. Tí ẹ bá rí "hog" tàbí "bristle" lára rẹ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè ra onírun náílọ́ọ̀nù.

Bùrọ́ṣì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀ kí irun rẹ̀ kọjú sókè, nítorí omi á ṣàn wọ ọrùn irin, á ba gúlúù ibẹ̀ jẹ́, irun á sì máa já sínú àwòrán. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e sínú agolo kí irun rẹ̀ kọjú sókè. Ní ti ìgò tí ẹ ń ṣan bùrọ́ṣì sí, ilé-kéwú la ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀. Àáfà wa kì í gbé ìgò tàdáwà kalẹ̀ lásán. Inú agolo mílíìkì tó kún fún iyanrìn ló máa ń gbìn ín sí, kí ẹsẹ̀ àwa ọmọdé má baà dà á nù. A kò rántí ọjọ́ kan tó dànù.

Pépà àti kánfáàsì ló kù, òjò sì ni wàhálà tiwọn. Ògiri tó ń làágùn lásìkò òjò á fi ọ̀rinrin ránṣẹ́ sí pépà, á bu, àmì dúdú á sì yọ lára rẹ̀ tí kò ní kúrò mọ́. Ẹ tẹ́ pépà sáàárín pákó pílááùdù méjì, kí ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, kí ó jìnnà díẹ̀ sí ògiri kí ikán má baà rọ́nà dé ibẹ̀. Àwọn páálí kéékèèké tó máa ń wà nínú àpótí bàtà tuntun, ẹ má jù wọ́n nù. Ọ̀rinrin ni wọ́n ń fà mu, ẹ kó wọn sáàárín pépà. Àwòrán tó ti gbẹ, ẹ gbé wọn nàró, kí ojú kọ ojú, kí ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe tọ́jú èyí tí a fi ọ̀dà olóròóró yà sínú òkùnkùn pẹ́ títí, òróró linseed a máa pọ́n bí ẹyin tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀.

Ẹnìkan ti sọ fún wa pé àwọn ayàwòrán ńlá kì í to nǹkan. Òótọ́ wà níbẹ̀. Francis Bacon, tí wọ́n bí ní Dublin, ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ní London láti 1961 títí ó fi kú ní 1992. Nígbà tí wọ́n kó yàrá náà lọ sí ilé ìṣàfihàn Hugh Lane ní Dublin, ohun tó lé ní 7,000 ni wọ́n kà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní rúdurùdu. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ọdún méjì tó ń rá nílẹ̀ yàrá Bacon.

Turpentine tó ti dọ̀tí, ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà tàbí sẹ́bàá kànga. Ẹ dé e fún ọjọ́ díẹ̀, ọ̀dà á tòrò sísàlẹ̀, ẹ ó sì rọra da èyí tó mọ́ sínú ìgò rẹ̀ padà láti tún lò. Ẹrẹ̀ tó kù nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ níta, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o, kí ẹ tó kó o fún àwọn akólẹ̀.