Iná Kékeré Tí Ń Ṣọ́ Ohùn

Ní ọdún kan, mo lọ sí àjọ̀dún ìparí ọdún ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ìfọ̀nyìn. Wọ́n gbé àńpílì kékeré kan àti báfù kan sí abẹ́ igi máńgòrò. Àńpílì ni ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Báfù ni àpótí tí ohùn náà ń gbà jáde.

Ọmọkùnrin kan yí bọ́tìnnì àńpílì. Orin dún sókè. Ó tún yí i. Ó tún yí i sí i. Lójijì, báfù há, èéfín jáde, ó sì dákẹ́.

Àwọn ọmọ CE1 ti ń kọ́ ewì kan láti oṣù kan sẹ́yìn. Wọ́n dìde, wọ́n kà á, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ nǹkan kan. Ó dùn mí.

Kí ni ì bá ti kìlọ̀ fún ọmọkùnrin náà? Iná kékeré márùn-ún.

Iná wo ni?

Orúkọ rẹ̀ ni LED. Ó kéré bí hóró àgbàdo. Ará Amẹ́ríkà kan, Nick Holonyak, ṣe LED pupa jáde ní ọdún 1962. A máa to LED 5 sí ìlà kan: 3 ní àwọ̀ ewé, 1 ní àwọ̀ ìyeyè, 1 pupa.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Níwájú iná kọ̀ọ̀kan, a fi dáódù kan sí i. Dáódù dà bí ẹnubodè: ó ń gba díẹ̀ lára agbára iná mànàmáná tó ń kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi ọsàn ṣe àpẹẹrẹ.

O ru ọsàn láti Igolo bọ̀ wá sí ilé. Ẹnubodè 5 wà lójú ọ̀nà. Ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ń gba ọsàn 1 lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, LED 1 wà. Kò ní í tàn àfi tí ó kéré tán ọsàn 3 bá ṣì kù lọ́wọ́ rẹ.

Tí o bá ru ọsàn 4, ẹnubodè kìíní gba 1, ó ku 3. Iná kìíní tàn. Ẹnubodè kejì gba 1, ó ku 2. Iná kejì kò tàn.

Tí o bá ru ọsàn 6, iná 3 ló máa tàn.

Tí o bá ru ọsàn 8, gbogbo iná 5 máa tàn. Pupa náà á tàn!

Bẹ́ẹ̀ ni orin rí. Bí ohùn bá ṣe ń ga sí i ni ọsàn inú okùn báfù ṣe ń pọ̀ sí i.

Bí a ṣe ń ṣe é

Olùkọ́ tàbí oníṣẹ́ rédíò ni kó ṣe é, kí ẹ̀yin ọmọ máa wò ó. A nílò LED 5, dáódù 5, rẹsísítọ̀ 5, wáyà àti páálí.

1. Ẹ to dáódù 5 tẹ̀ léra. Ilà kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan dáódù. Kí ilà náà má ṣe kọjú sí àńpílì.
2. Lẹ́yìn dáódù kọ̀ọ̀kan, ẹ so rẹsísítọ̀ 1 mọ́ ọn. Rẹsísítọ̀ ni kì í jẹ́ kí LED jó.
3. Ẹ so ẹsẹ̀ gígùn LED mọ́ rẹsísítọ̀.
4. Ẹ so gbogbo ẹsẹ̀ kúkúrú pọ̀ mọ́ wáyà kan tó padà sí àńpílì.

Àńpílì kékeré ni èyí wà fún. Oníṣẹ́ rédíò ló máa yan rẹsísítọ̀ tó bá a mu.

Kí ni iná ń sọ?

Àwọ̀ ewé: ó dára bẹ́ẹ̀.
Àwọ̀ ìyeyè: rọra.
Pupa: dín in kù!

Ẹ̀yin ọmọ, ohùn tó le jù ń ba etí náà jẹ́. Báfù tó bá jó, a lè ra òmíràn. Etí tó bá bàjẹ́, ọjà wo la ti fẹ́ rà á?

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí àwọn ìyá kò fi gbọ́ ewì?
2. Iṣẹ́ wo ni dáódù ń ṣe?
3. Tí o bá ru ọsàn 7, iná mélòó ló máa tàn? Àwọ̀ wo ni ti ìkẹyìn?