Ọwọ́ Ẹ̀rọ Skáànù
Ike, wáyà, amọ̀ sísun tí iná mànàmáná ń mú gbọ̀n

Nígbà tí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907, ọwọ́ àti etí ni dókítà fi ń yẹ aláboyún wò. Ní 1958, dókítà Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow tẹ àwòrán ọmọ inú tí wọ́n fi ohùn yà jáde.

Amọ̀ inú irinṣẹ́ yìí ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 2 sí 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí wa kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbohùngbohùn rẹ̀ tó ń padà láti inú ara ló ń di àwòrán.

Ohùn tó wọnú ara jìnnà a máa lọ sílẹ̀. Nítorí náà, àwọn ẹ̀rọ kan ń fi ohùn pa àrokò. Kọ̀ǹpútà á dá àrokò náà mọ̀ láàárín ariwo, bí ọmọ Ọ̀yọ́ ṣe ń dá oríkì rẹ̀ mọ̀ lẹ́nu dùndún nínú ọjà Akẹ̀sán.